Ibi Tí A Bá Pè Lórí: Ìlànà Kan Ṣoṣo fún Àpẹẹrẹ Àṣẹ Kọ̀ǹpútà Nínú Ìwé Ẹ̀kọ́ Èdè Abínibí

Ìfáàrà

Láti ìgbà tí apá kìíní ìwé Ède-Ìperí Yorùbá ti jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí apá kejì sì tẹ̀ lé e ní 1990 lábẹ́ àbójútó Ọládélé Awóbùlúyì, ohun tó gba ọkàn ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni orúkọ tó yẹ kí nǹkan máa jẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ṣe ń wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ èdè abínibí, ìṣòro mìíràn ti yọjú tí orúkọ nìkan kò lè yanjú. Ìṣòro náà ni bí wọ́n ṣe ń tẹ àpẹẹrẹ sójú ìwé. Èwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí? Èwo ni kí ó fi tirẹ̀ rọ́pò? Èwo ni èsì tí kọ̀ǹpútà fọ̀?

Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìwé tí kò bá fi àmì kan náà ya nǹkan mẹ́ta yìí sọ́tọ̀ láti ojú-ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn kò tíì kọ́ni, bó ti wù kí èdè inú rẹ̀ dùn tó. Olùkọ́ èdè ni iṣẹ́ ìlànà náà sì tọ́ sí jù.

Ohun tó wà nínú ìlà kan

Èèyàn lè fi máòsì tẹ àwòrán lójú kọ̀ǹpútà, ó sì lè tẹ àṣẹ sórí ìlà kan kí kọ̀ǹpútà mú un ṣẹ. Ọ̀nà kejì yìí ni àwọn tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti kọ̀ǹpútà ńláńlá ń lò jù. Àpẹẹrẹ kan nìyí:

$ cp ewi.txt eda.txt

Àmì dọ́là tó ṣíwájú kì í ṣe ara àṣẹ. Kọ̀ǹpútà ló gbé e síta láti fi hàn pé òun ti ṣetán láti gbọ́. cp ni àṣẹ gan-an, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà. Lẹ́tà rẹ̀ kò gbọdọ̀ yí padà. ewi.txt ni fáìlì tí wọ́n fẹ́ dà kọ, eda.txt sì ni orúkọ tí ẹ̀dà yóò jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi orúkọ fáìlì tirẹ̀ rọ́pò àwọn méjèèjì. Ẹni tí wọn kò ṣàlàyé èyí fún yóò tẹ àmì dọ́là mọ́ àṣẹ, ẹ̀rọ yóò sì dá a lóhùn pé òun kò mọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé òun ni kò lóye, bẹ́ẹ̀ ìwé ló ṣì í lọ́nà.

Ẹ̀kọ́ láti Accra

Ọ̀mọ̀wé Nii Quaynor, ọmọ orílẹ̀-èdè Ghana, wà lára àwọn aṣáájú tó mú íntánẹ́ẹ̀tì wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti Accra ní ìlàjì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1990. Ó tún wà lára àwọn tó dá AfNOG, ẹgbẹ́ àwọn tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Áfíríkà, sílẹ̀ ní 2000. Accra ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ náà ti wáyé ní 2001. Ó dé Lomé ní 2002, ó sì kan Abuja ní 2007. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ń kó àwọn elédè púpọ̀ jọ. Àwọn kan gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan gbọ́ Faransé, ọ̀tọ̀ sì ni èdè tí oníkálukú wọn mu lọ́mú. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ta kókó, ìwé iṣẹ́-ṣíṣe tó wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́ ló kù tí yóò tú u.

NSRC, àjọ kan ní Yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà tó máa ń bá AfNOG ṣiṣẹ́ pọ̀, ní àṣà kan tó yẹ fún àfiyèsí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣàlàyé àmì. Àṣẹ tí $ bá ṣíwájú, ipò ẹni lásán ni wọn yóò ti pa á. Èyí tí # bá ṣíwájú, ipò alákòóso ẹ̀rọ ni. Bó bá jẹ́ rtr> ló ṣíwájú, ẹ̀rọ mìíràn tó wà lókèèrè ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àlàyé náà kò ju ìlà mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ńlá ló ń bójú tó, nítorí ẹni tó wà ní ipò # lè fi àṣìṣe kan ṣoṣo ba gbogbo ẹ̀rọ jẹ́.

Àṣà yìí kì í ṣe tuntun. Ìwé atọ́nà Unix àkọ́kọ́, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie kọ ní Bell Labs, tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá 1971, ti là á sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fa ìlà sí nídìí, bó ṣe rí ni kí òǹkàwé tẹ̀ ẹ́. Pé ohun tó wà nínú akámọ́ onígun kì í ṣe dandan. Àti pé àmì ìdánudúró mẹ́ta léra fi hàn pé irú ohun tó ṣíwájú lè tún wáyé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, akámọ́ àti àmì ìdánudúró mẹ́ta náà kò sì tíì yí ìtumọ̀ padà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan lèyí. Ní Ghana kan náà, ní 2018, àwòrán olùkọ́ kan, Richard Appiah Akoto, tàn ká gbogbo ayé. Ní Sekyedumase, lágbègbè Ashanti, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà níléèwé tí kò ní kọ̀ǹpútà, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú Microsoft Word sára pátákó. Ẹni tó ní ẹ̀rọ níwájú lè dán àpẹẹrẹ wò, kí ó kùnà, kí ó sì tún un ṣe. Ẹni tí pátákó tàbí ìwé nìkan wà níwájú rẹ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ni yóò gbé lọ síwájú ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó bá kàn án.

Ibi tí bàtà ti ń ta olùkọ́ èdè lẹ́sẹ̀

Olùkọ́ èdè ní àmì tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn àmì kan sì ń forí gbárí. Nínú gírámà, àmì ìràwọ̀ níwájú gbólóhùn, bíi *Adé lọ ti, fi hàn pé kò bófin èdè mu. Lórí ìlà àṣẹ, ohun gbogbo ni àmì kan náà dúró fún:

$ rm *

Ìtumọ̀ èyí ni pé kí ẹ̀rọ pa gbogbo fáìlì tó hàn nínú fódà náà rẹ́, kì í sì í sábà béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹyin lohùn: bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó jọ.

Àmì ohùn náà ní wàhálà tirẹ̀. Lẹ́tà ẹ́ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan nínú Unicode. Ẹnì kan lè fi àmì òkè lé ẹ, ẹlòmíràn lè fi àmì ìsàlẹ̀ kún é. Ojú èèyàn kò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, orúkọ méjì ni. Bí olùkọ́ bá pe fáìlì ní ẹ̀kọ́.txt, akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ orúkọ kan náà lórí kíbọ́ọ̀dù mìíràn lè gbọ́ pé kò sí fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ètò ìkọ̀wé pẹ̀lú máa ń dá sí ohun tí kò kàn án: á fa àmì ìsopọ̀ gùn, á tẹ àmì àyọlò kọrọdọ, àṣẹ tó pé lọ́wọ́ òǹkọ̀wé á sì ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé.

Àwọn kan lè wí pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà, kí oníkálukú máa tẹ tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ ọjà ni ọ̀nà púpọ̀ wúlò fún. Àlejò nílò ọ̀nà kan tí kò ní yà níbi tí kò retí. Àwọn mìíràn lè wí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúkú ni àwọn àṣẹ, kí ló wá kan olùkọ́ Yorùbá? Bí cp àti rm tilẹ̀ ti inú Gẹ̀ẹ́sì jáde, àmì lásán ni wọ́n jẹ́ fún ẹ̀rọ. Àlàyé tó yí wọn ká ni ẹ̀kọ́, èdè tí ọmọ gbọ́ ló sì yẹ kí àlàyé náà wà.

Àbá

Lákọ̀ọ́kọ́, kí gbogbo ìwé ṣàlàyé àmì rẹ̀ ní ojú-ewé àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n bá sì pè lórí, kí wọ́n má ṣe fi tẹlẹ̀ ní orí kẹta.

Èkejì, kí àṣẹ kọ̀ọ̀kan dá ìlà tirẹ̀ ní, pẹ̀lú lẹ́tà tó gba àyè dọ́gba bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Kí àṣẹ àti orúkọ fáìlì tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ̀ má ṣe ní àmì ohùn rárá. Kí ọ̀rọ̀ tó wà láti rọ́pò jẹ́ lẹ́tà ńlá, kí àmì ohùn rẹ̀ sì pé:

$ cp FÁÌLÌ Ẹ̀DÀ

Ẹni tó bá rí èyí yóò mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ni cp, òun ló sì ni ìyókù. Ohun ìní èdè gan-an ló ṣe ìyàtọ̀ náà, ó sì ṣeé fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára pátákó láìnílò irú lẹ́tà àkànṣe. Olùkọ́ Ìgbò lè lò ó bákan náà. Olùkọ́ Hausa ní ɓ, ɗ àti ƙ. Àwọn ará Ghana ní ɛ àti ɔ. Ó tún dára ju àmì < àti > tí àwọn kan fi ń ká irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí ẹ̀rọ ka àwọn yẹn sí àṣẹ pé kí ó fa ọ̀rọ̀ láti inú fáìlì tàbí kí ó dà á sínú rẹ̀, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì lè ṣègbé.

Ẹ̀kẹrin, kí èsì ẹ̀rọ má ṣe ní $ níwájú, kí wọ́n sì fa ìlà òòró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, kí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ tẹ gbogbo àpẹẹrẹ láti orí ìwé àyẹ̀wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àgbálọgbábọ̀

Ìpàdé Èkó ní 1875 jíròrò lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tó wà lóde. Kò sẹ́ni tó ń sọ lónìí pé ọ̀rọ̀ àmì kéré jù fún àwọn àgbà tó jókòó nígbà náà. Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti Àṣà Yorùbá, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ olùkọ́ èdè yòókù, lè fi ojú-ewé kan ṣoṣo parí èyí tó kù yìí. Bí ìwé kọ̀ǹpútà ní èdè abínibí bá di mẹ́wàá pẹ̀lú ìlànà mẹ́wàá, àtúnṣe yóò le ju ìpilẹ̀ṣẹ̀ lọ.