Owó Tó Ń Bá Èéfín Lọ

Ìyá kan ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Mo ní, "Ẹ kú ìdáná o, ìyá." Ó dá mi lóhùn, ó ń fi etí ìró nu ojú. Atẹ́gùn ń gba àárín òkúta ààrò mẹ́ta kọjá, ó ń gbá iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdí agbada kò sì rí iná jẹ tó.

Igi tó ń jó yẹn, owó ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ ti gbówó lé orí igi tó ń ti oko bọ̀, àtọ̀nà Òkè-Ìlá àtọ̀nà Ọ̀rà. Ẹni tó fẹ́ sá lọ sídìí gáàsì, nígbà tó fi di 2024, kílò kan ti ré kọjá ₦1,000.

Àwọn tó wọn ooru ààrò mẹ́ta wò sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ooru tí igi bá mú wá, bíi 10 sí 15 ló ń wọ ìkòkò. Bí ìyá yìí bá ra igi ₦2,000, igi ₦300, bó bá pọ̀ jù, ló yan gààrí. Ìyókù di ti atẹ́gùn. Èéfín tó ń ta á lójú gan-an, igi tó fowó rà tí kò jó tán ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò jìnnà. Àdògán tí àwọn ìyá wa àgbà ń fi amọ̀ mọ ṣì wà níbẹ̀: ògiri rẹ̀ ń dí atẹ́gùn, ẹnu kan ni igi ń gbà wọlé, ìkòkò sì jókòó sínú rẹ̀ dáadáa. Ẹ sá igi kó gbẹ. Omi inú igi tútù ni iná kọ́kọ́ ń sè kó tó kan ọbẹ̀. Ẹ là á wẹ́wẹ́. Ẹ dé ìkòkò. Ní Kẹ́ńyà, láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń fi amọ̀ sísun tẹ́ inú ààrò onírin tí wọ́n ń pè ní jiko, èédú tí wọ́n ń rà sì dín kù.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń yáni lówó ra ẹ̀gẹ́. Ó yẹ kí wọ́n máa yáni lówó mọ àdògán pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni èrè ẹ̀gẹ́ ti ń jò.

Nígbà tí ìyá sọ agbada kalẹ̀, ẹ̀yin iná ṣì pọ́n. Ó wọ́n omi sí i, ó ṣa èédú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìkòkò àfọ́, ó ní ti ọ̀la nìyẹn. Ẹni tó ń ṣọ́ èédú tó báyìí, kò yẹ kí ààrò máa bá a ná owó igi.