Ìhà Wo Ni Ó Yẹ Kí Púlọ́ọ̀gì Kọjú Sí?

Ọ̀ràn kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn tí ń tún ẹ́ńjìnì eré ìje ṣe. Àwọn kan ní kò tó kí a kàn de púlọ́ọ̀gì mọ́lẹ̀ kí ó le. Wọ́n ní ó yẹ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi kan pàtó. Àwọn mìíràn a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé iná ni iná ń jẹ́, ibi yòówù kí ó ti ta. Lójú tèmi, òtítọ́ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn tí ń rẹ́rìn-ín ni ó sàn kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa gbọ́ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Irin kan wà láàrin rẹ̀ tí iná mànàmáná ń gbà wá. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn sì ti ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ bí ìwọ̀, ó wá dorí kọ irin àárín náà. Àlàfo tí ń bẹ láàrin àwọn méjèèjì kò sábà ju nǹkan bí mìlímítà kan lọ, níbẹ̀ sì ni iná ti ń ta. Nítorí irin títẹ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ kan dí, èkejì sì ṣí sílẹ̀. Ibi tí púlọ́ọ̀gì bá yí le sí ni ẹnu rẹ̀ yóò kọjú sí, ẹni tí ó dúró lóde kò sì lè rí i. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ka ọ̀ràn yìí sí fi ń fa ìlà sí ara tánganran funfun púlọ́ọ̀gì ní ìhà tí ó ṣí, tí wọn a sì fi wáṣà bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, títí ìlà náà yóò fi bọ́ sí ibi tí wọ́n fẹ́.

Kí ni wọ́n ń wá? Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta, ó kéré púpọ̀. Bí irin títẹ̀ bá sì dí i lójú, irin náà a máa gba nínú ooru rẹ̀, ràn-ín-ràn rẹ̀ a sì fà sẹ́yìn díẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fẹ́ kí ẹnu púlọ́ọ̀gì kọjú sí fáàfù tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé. Èrò náà mú ọgbọ́n dání. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ́ńjìnì kan wà tí ó jẹ́ pé ìhà fáàfù èéfín ni ó bá wọn lára mu jù, a kò sì lè mọ̀ àfi bí a bá gbé ẹ́ńjìnì sórí ẹ̀rọ tí ń wọn agbára. Ẹni tí kò bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àbá lásán ni ó ń dá.

Bí gbogbo rẹ̀ bá sì bọ́ sí i tán, èrè rẹ̀ kì í sábà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára ẹ́ńjìnì. Ẹ gbé Cosworth DFV yẹ̀ wò, ẹ́ńjìnì tí Jim Clark fi gba ipò kìíní ní ìdíje àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e lọ, ní ilẹ̀ Họ́láńdì ní ọdún 1967. Agbára rẹ̀ nígbà náà ju ti ẹṣin 400 lọ díẹ̀, nígbà tí ó bá ń yí ní ìgbà 9,000 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí ni pé púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ń ta iná ní ìgbà 75 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kò ju agbára ẹṣin mẹ́rin. N kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tí ń bá akẹgbẹ́ rẹ̀ du ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá mọ iyì ẹṣin mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àárín gbùngbùn fáàfù mẹ́rin ni àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnì náà fi púlọ́ọ̀gì sí, kí iná lè ràn dé ìhà gbogbo lọ́gbọọgba. Ibi tí púlọ́ọ̀gì dúró sí ni wọ́n ro jinlẹ̀.

Mo gbà pé ọ̀ràn náà kì í ṣe eré nínú ẹ́ńjìnì tí orí písítìnì rẹ̀ yọ gọnbu débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan púlọ́ọ̀gì, nítorí bí ó bá gbá irin títẹ̀ náà, ẹ́ńjìnì bàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹ́ńjìnì òde òní kan tí ń tú epo sínú sìlíńdà tààrà: láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti gé ojú ìdè wọn kí púlọ́ọ̀gì lè kọjú sí ibi tí ó yẹ. Ẹni tí ó bá ki wáṣà bọ̀ ọ́ ba iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n jẹ́.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni ẹni tí yóò fi sípánà fi agbára yí púlọ́ọ̀gì kọjá ibi tí ó le dé, kí ìlà lè bọ́ sí i. Púlọ́ọ̀gì onímìlímítà 14 nínú orí ẹ́ńjìnì alumíníọ̀mù kò fẹ́ ju Níútọ̀n-mítà 25 sí 30 lọ. Bí a bá fi ipá mú un, ojú ìdè a jẹ. Bí a bá sì dá a sílẹ̀ láìle, ooru rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, ó sì lè jó písítìnì lu. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Nítorí náà, ẹ̀yin onímọ́tò àti ọlọ́kadà, bí mẹkáníìkì bá ń gba owó lọ́wọ́ yín nítorí ìhà tí púlọ́ọ̀gì kọjú sí, ẹ bi í bóyá ó wọn àlàfo rẹ̀, bóyá nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti ìwé ọkọ̀ yín mu, àti bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Kí ó sì fi èyí tí ó tú jáde hàn yín: bí ó bá pọ́n bí ilẹ̀ gbígbẹ, ara ẹ́ńjìnì dá, bí ó bá dúdú fún èédú, epo ti pọ̀ jù, bí ó bá sì funfun gbòò, ooru ti wọ̀ ọ́ ju bí ó ti yẹ lọ.