Ẹ Má Jẹ́ Kí A Torí Ẹ̀rọ Káwọ́ Gbera

Àròyé kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa ọ̀dọ́ pé ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlù ní ilẹ̀ yìí, ó ti tán fún un, nítorí pé a kò ní ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó fi ń tọ́jú tiwọn. Wọn a ní awò kan ni wọ́n ń dè mọ́ aláìsàn lójú. Bí ó ti jókòó ní ọsibítù, yóò máa rí ọgbà tàbí ilé ìdáná, yóò sì máa na ọwọ́ tí ó rọ sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ gidi ni. N kò bá a jà. Ohun tí mo ń bá jà ni èrò pé kí a káwọ́ gbera títí yóò fi dé.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ohun tí àwọn onímọ̀ rí wò. Ní 2016, ìwé ìṣègùn Lancet Neurology gbé ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 141 ní orílẹ̀-èdè 4. Àwọn kan ṣe eré Nintendo Wii lójú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn yòókù ta káàdì, wọ́n sì ju bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ ìpín méjèèjì ló sàn sí i; ẹ̀rọ kò borí káàdì. Ní 2025, àjọ Cochrane kó ìwádìí 190 jọ. Díẹ̀ ni irú ẹ̀rọ wọ̀nyí fi sàn ju ìtọ́jú mìíràn lọ fún apá. Èrè wọn hàn jù nígbà tí a fi wọ́n kún ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá, tí àkókò ìdárayá fi pọ̀ sí i.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Àrùn yìí ń ba apá kan ọpọlọ jẹ́. Àṣetúnṣe ni èyí tí ó kù fi ń kọ́ iṣẹ́ náà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Eré ni kì í jẹ́ kí àṣetúnṣe sú ni.

Ní New Benin tí mo ti ń kọ̀wé yìí, Ilé-Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Benin kò jìnnà sí wa. Láti 1973 ni ó ti wà. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rẹ̀ rọ, ọsibítù ni kí a sáré gbé e lọ, kì í ṣe ilé àdúrà. Ṣùgbọ́n bí ó bá padà délé ńkọ́? A ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó tan rédíò fún un, a ó máa fi síbí bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́, a ó sì pe èyí ní ìtọ́jú!

Ọpọ́n ayò ní ihò 12 àti ọmọ 48. Bí aláìsàn bá fi ọwọ́ tí ó rọ kó ọmọ ayò, tí ó ń fi wọ́n sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń kà wọ́n, ìka, apá àti ọpọlọ ni ó ń ṣiṣẹ́. N kò sọ pé ayò ni oògùn, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn. Ayò kò gba iná mànàmáná, kò gba dọ́là. Ẹnìkejì nìkan ni ó gbà. Ẹnìkejì yìí gan-an ni ó wọ́n nínú ilé wa.

Kí ìjọba ra ẹ̀rọ bí ó bá lágbára, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ san owó àwọn tí ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn, nítorí awò ojú kò lè gbé ènìyàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní ti àwa tí a ó di olùkọ́ lọ́la, kí bíbá bàbá àgbà ta ayò di iṣẹ́ àṣetiléwá tí a ó fún ọmọ ilé-ìwé. Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.