Ìwé Ìfẹ́ àti Ìwé Ìtàn ní Owó Pọ́ọ́kú

Lẹ́tà ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó bí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn ti ka gbogbo ìwé tí ó wà nílé tán, pé bí ọjà bá ti dá, ìwé ni alábàárò àwọn. Ìwé ìfẹ́ àti ìwé ìtàn ayé àtijọ́ ni àwọn sì fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n ìwé tuntun ti gbówó lórí. Èwo ni kí àwọn wá kiri tí kò ní jẹ owó ọjà mọ́ àwọn lọ́wọ́?

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní oṣù tí ó kọjá mo ra ẹ̀pà ní Sábó ti Ọ̀yọ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fẹ́ ju bébà tí wọ́n fi pọ́n ọn nù, ni mo bá rí orúkọ Àjàní àti Àṣàkẹ́ lára rẹ̀. Ojú ìwé Ó Le Kú ni! Mo padà sọ́dọ̀ ẹlẹ́pà, ó ní ọwọ́ ẹni tí ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lójú ọ̀nà ni òun ti rà á, pé èyí tí kò bá tà, òkìtì òkìtì ni ó ń kó o fún òun. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo lọ sídìí àtẹ ìwé náà, n kò sì tètè kúrò níbẹ̀.

Ó Le Kú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ọ́ ní 1974. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Àjàní ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbádùn, àfi kí ó mú ìyàwó wálé, òun náà sì ń sáré kiri láàrin Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. N kò ní sọ ibi tí ó já sí. Ẹ̀yin aláṣọ, ìró àti bùbá olékú tí àwọn oníbàárà yín ń rán, fíìmù tí Túndé Kèlání fi ìwé yìí ṣe ní 1997 ni ó tún sọ ọ́ di ohun tí gbogbo obìnrin ń wọ̀.

Bí ẹ bá rí Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó lọ. Lẹ́tà ni Isaac B. Thomas fi ṣe, ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930: arẹwà obìnrin tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ń ka ọkùnrin tí ó ti bá lò. Òǹkàwé púpọ̀ gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. Ẹ má kà á lọ́jọ́ tí inú yín kò bá dùn o.

Ní ti ìwé ìtàn, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin ni ààyò mi. Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́, ni ó kọ ọ́ ní 1969. Ẹ rántí pé ní ayé àtijọ́, àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin a máa ru koríko bẹẹrẹ wá fi bo òrùlé ààfin. Irú ìsìn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Òkè-Ògùn inú ìwé yìí ń sìn, títí àwọn ọ̀dọ́ fi dìde tí wọ́n ní ó tó. Kì í ṣe ẹnìkan ni ó sọ ìtàn náà, ẹnu sí ẹnu ni, àwọn tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ sí ni ó ń gbà á sọ. Ìfẹ́ sì wà níbẹ̀, ẹ má bẹ̀rù.

Isaac Délànọ̀ náà kọ Aiyé D'Aiyé Òyìnbó ní 1955, ó kọ L'Ọ́jọ́ Ọjọ́ Un ní 1963, lórí bí òyìnbó ṣe wọlé tí nǹkan fi yí padà. Àkọtọ́ àtijọ́ ni ẹ ó bá níbẹ̀, "nwọn" àti "enia", nítorí 1974 ni a tó fẹnu kò sí èyí tí a ń lò. Ẹ kà á sókè, yóò yọ́ lẹ́nu. Àwọn èwe tilẹ̀ ń sá fún irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi pọ̀ lórí àtẹ.

Nípa owó: ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà mọ èyí tí ẹ fẹ́. Ẹ kó mẹ́ta pọ̀, kí ẹ fi èyí tí ẹ fẹ́ sáàrin, kí ẹ wá ná an. Owó oúnjẹ àárọ̀ kan ni mo fi ra mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ojú ìwé ìkẹyìn wò. Mo ti ra ìwé ìfẹ́ kan rí, mo kà á títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ wá já níbi tí ọkọ fẹ́ kan ilẹ̀kùn. Títí di òní n kò mọ ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọmọ Olókùn-Ẹṣin méjì ni mo bá níbẹ̀. Mo ra ọ̀kan fún yín, ìyá wa. Ó wà lọ́dọ̀ Olótùú, ojú ìwé rẹ̀ pé. Èkejì ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí mo kúrò, nínú òkìtì tí ẹlẹ́pà máa ń wá kó.