Ta Ló San Owó Páànù?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà, Ìkìrun ni yóò kọ́kọ́ kàn, kó tó kan Ìnísà, kó tó wá dé Òkukù. Kò sẹ́ni tó ń gba ọ̀nà yẹn tí kò ní dá iléèwé ìjọba mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ilé gbọọrọ kan, kíláàsì mẹ́ta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, páànù lórí. Òmíràn wà tí ọ̀dà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ olóṣèlú tó gbé e wá sára ògiri. Òmíràn wà tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò ti ṣí lórí. Ẹ pe káfíńtà kó gun òkè wò ó. Yóò sọ fún yín pé páànù kọ́ ló lẹ́jọ́, igi ni: ikán ti jẹ igi àjà débi pé ìṣó kò rí ibi dì mú mọ́. Ká ní ẹnì kan ti pààrọ̀ igi mẹ́ta mẹ́rin nígbà tí ikán ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ọ̀rọ̀ ì bá má tíì di ti blọ́ọ̀kù tuntun.

Ẹni tó kọ́ ilé ni a máa ń bèèrè nílẹ̀ yìí. Ẹni tó san owó rẹ̀ ni èmi fẹ́ mọ̀, àti bóyá wọ́n sọ fún un kó tó san án.

Ní oṣù Keje ọdún 1952 ni Stephen Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá sílé ìgbìmọ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Láàárín ìgbà méjèèjì, wọ́n ń kọ́ kíláàsì, wọ́n ń dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń gba owó orí. Owó orí yẹn mú ará ìlú gbóná. Nígbà ìdìbò sílé aṣòfin àpapọ̀ lọ́dún 1954, ẹgbẹ́ NCNC na Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ní Ìwọ̀-Oòrùn gan-an, owó orí sì wà lára ohun tó fà á. Wọn ò tìtorí ìyẹn pa ètò náà tì. Àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ nǹkan bí 457,000 lọ́dún 1954 ti lé ní 811,000 lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ẹni tó sanwó mọ̀ pé òun ń sanwó. Inú bí i, ó sì fi ìbò sọ ọ́.

Ọ̀ṣun gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún 2013. Ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá lọ sọ́jà owó, ó fi Sukuk, ìyẹn ẹ̀yáwó ìlànà Ìsìláàmù, kó bílíọ̀nù 10 náírà jọ láti kọ́ iléèwé. Kò sí ìpínlẹ̀ tó ṣe irú rẹ̀ rí ní Nàìjíríà. Ọdún méje ni wọ́n fi máa san án tán, èrè àwọn tó dáwó sí i sì jẹ́ 14.75 nínú 100 lọ́dún. Ìsanpadà rẹ̀ kò dúró de ìgbà tí Òṣogbo bá rántí: láti Àbújá ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kúrò nínú owó tó ń bọ̀ wá sí ìpínlẹ̀. Wọn kò bu owó orí tuntun fún ará Ìkìrun nítorí rẹ̀, ariwo kankan ò sì sọ.

Láti àárín ọdún 2014, epo rọ̀bì tó ń lé ní 100 dọ́là fún àgbá kan bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìn-ín-ní 2015, kò tó 50 mọ́. Owó Àbújá gbẹ, gbèsè ò gbẹ. Láti oṣù Keje ọdún yẹn títí wọ 2018, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní ìpele kejìlá sókè ń gba ìdajì owó oṣù. Sukuk nìkan kọ́ ló fà á o. Gbèsè mìíràn wà níbẹ̀, epo ló sì dá kún gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2016, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí Osogbo Government High School, ilé tó lè gba 3,000 akẹ́kọ̀ọ́. Ilé náà rẹwà, mi ò ní purọ́. Olùkọ́ àgbà tó bá wà ní kíláàsì tuntun bẹ́ẹ̀, ìdajì owó rẹ̀ ló ń gbé lọlé, nítorí owó ilé àti owó olùkọ́, àpò kan náà ni wọ́n ti ń jáde. Ìdajì tí kò rí gbà yẹn ni owó orí tirẹ̀, àfi pé kò sẹ́ni tó gbé ìbò síwájú rẹ̀.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ti 2004 ló gbọ́n jù lójú tèmi. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ ló yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ lọ́wọ́ àjọ UBEC gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iye kan náà sílẹ̀, kí SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀ náà, sì mú ìwé ètò lọ: iléèwé wo, kíláàsì mélòó, àga mélòó, ṣáláńgá mélòó. Ibi tó ti há ni pé ọdún tí owó bá wọ́n gan-an ni ìpínlẹ̀ kì í rí tirẹ̀ fi sílẹ̀. Owó á wá máa sùn ní Àbújá nígbà tí òjò ń rọ̀ sí kíláàsì.

Ìwé mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Ìfẹ́lódùn tí Ìkìrun jẹ́ olú ìlú rẹ̀, Odò-Ọ̀tìn tó ni Ìnísà àti Òkukù, pẹ̀lú Bórípẹ́, aṣojú kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ní nílé aṣojú-ṣòfin. Blọ́ọ̀kù kíláàsì mẹ́ta kì í jìnnà sí iṣẹ́ àkànṣe tí àwọn aṣojú ń fi sínú ìṣúná, torí ó rọrùn láti kọ́, ó sì rọrùn láti ya fọ́tò. Kò pọn dandan kó bá ti SUBEB mu. Bí iléèwé kan ṣe lè ní blọ́ọ̀kù tuntun méjì nìyẹn, kí èyí tó wà láàárín wọn má lórùlé.

Àtúnṣe kékeré ni kò ní bàbá. Igi àjà mẹ́rin kò tó ohun tí kọngílá ń du. Ọ̀gá iléèwé ò ní owó tó lè fi pe káfíńtà. Bó bá ní kí òbí dáwó, wọ́n á ní ṣebí ọ̀fẹ́ ni. Ló bá di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, pàápàá àwọn tó wà lókè òkun. Ìlú ńlá bí Ìkìrun á rí irú wọn. Abúlé tó wà lẹ́yìn Òkukù ńkọ́, tí ọmọ rẹ̀ tó lọ jìnnà jù ń wa ọ̀kadà l'Ékòó? Lọ́dún 2025, nígbà tí ìjà lórí ta ni alága mú kí owó ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun há sí Àbújá, ibi tó sún mọ́ wọn jù tí wọn ì bá yíjú sí tún tì.

Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ blọ́ọ̀kù kan jáde, kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, kó wà lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé àti ìgbìmọ̀ tí òbí wà nínú rẹ̀, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n ná sára pátákó. Mo mọ̀ pé wọ́n á jí díẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n máa jí nínú owó ìṣó kò lè tó èyí tí ikán ń jẹ. Kí ìwé ètò SUBEB tó lọ sí Àbújá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri sẹkitéríàtì ní Ìkìrun àti ní Òkukù. Ìkìrun á bèèrè ìdí tí Ìnísà fi gba méjì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n jà á nígbà tó ṣì wà nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́yìn tí kọngílá ti gba owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tán.