Kí A Tó Gé Aṣọ Ìyá Wa

   

Àwọn àgbà ní ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, àkísà ti fẹ́ẹ̀ lé mi jáde nínú yàrá. Láti ìgbà tí ìyá mi ti papò dà ni àpótí onípáànù mẹ́ta ti wà lórí àjà, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣí wọn. Àbúrò mi ọkùnrin ní ká kó gbogbo ẹ̀ dà nù, pé ta ló fẹ́ máa tọ́jú ilé èkúté. Mo ní rárá. Mo fẹ́ fi rán ìbora alábùlẹ̀ mẹ́ta fún àwọn ọmọ mi mẹ́ta, kí ọyẹ́ tó dé.

Mo kó wọn sílẹ̀, mo ṣí wọn. Kí n tó fọwọ́ kan àlùmágàjí, mo pín aṣọ náà sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí kì í ṣe tiwa láti gé. Ọmọ Ọbàtálá ni ìyá mi. Àlà tí wọ́n fi ń bọ òrìṣà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rán mọ́ ànkárá. Mo fọ̀ ọ́, mo ká a, mo gbé e lọ fún àwọn àgbà ojúbọ. Wọ́n gbà á, wọ́n sì wúre fún wa.

Ìkejì ni ti eégún ilé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ohun tó wà nínú ìgbàlẹ̀, àwa obìnrin ò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, mi ò sì béèrè. Ṣùgbọ́n aṣọ tó wà lára ẹ̀kú, ọwọ́ wa ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń jáde. Nílé tiwa, tuntun ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé aṣọ àwọn ìyá ìyá wa ló wà nísàlẹ̀, tiwa wà lókè. Tí ẹ bá rò ó dáadáa, aṣọ alábùlẹ̀ wo ló tó ẹ̀kú? Tó bá yí bìrí, tí aṣọ gbéra, atẹ́gùn tó fẹ́ sí wa lára, ire ni.

Atókùn ti ránṣẹ́ pé ẹ̀kú ń fẹ́ aṣọ fún ọdún tó ń bọ̀. Àrán méjì ni mo rí nínú àpótí. Ọ̀kan ti pá, èkúté ti jẹ ẹ́ létí. Ìkejì pupa fòò, ó ṣì ń dán. Òun ni ìyá mi ró lọ́jọ́ tí a sọ àbíkẹ́yìn mi lórúkọ. Ọkàn mi ti lọ sí i fún ìbora ọmọ yẹn. Mo bá ká èyí tó pá, mo gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà.

Wọ́n tú u wò. Wọ́n ní, "Ṣé o ò ní òmíràn ni?"

Mi ò fẹ́ purọ́. Mo ní, "Mo ní, mà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ìyẹn pamọ́ fún ọmọ."

"Èyí tí ìwọ ò lè ró lọ sóde lo fẹ́ wọ̀ fún baba ẹ láàárín ọjà? Tí ìyá ẹ bá wà láyé, ṣé èyí ni ì bá gbé wá?"

Ojú tì mí. Mo mọ̀ pé ìyá mi ò ní gbé e wá. Màmá Àgbà wo ojú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣebí ìró yẹn ní ìpèlé? Kí n mú ìró wá, kí n fi ìpèlé sílẹ̀ fún ọmọ. Bá a ṣe parí ẹ̀ nìyẹn.

Ìkẹta ni ti ìbora. Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ṣètò ẹ̀, bóyá á wúlò fún yín. Ọ̀pá kan àbọ̀ níbùú, ọ̀pá 2 lóròó ni mo fẹ́. Mo fi páálí ṣe ìwọ̀n, íǹṣì 10 níbùú, íǹṣì 10 lóròó. Tí ojú ìrán bá jẹ ààbọ̀ íǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, á ku 9. Ẹyọ 6 níbùú, ẹyọ 8 lóròó: 48 ni ìbora kan máa gbà. Ìró ọ̀pá 2 lè mú ẹyọ 28 jáde, ṣùgbọ́n aṣọ ogbó kì í pé. Ẹ nà án síwájú oòrùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ, ẹ fò ó.

Ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe nígbà kan. Mo rán àdìrẹ mọ́ léèsì funfun láìkọ́kọ́ fọ àdìrẹ náà. Ọjọ́ tí mo fọ ìbora yẹn, aró ṣàn, léèsì di aláró. Ẹ rẹ àdìrẹ nìkan sínú omi tútù, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi títí á fi mọ́. Ẹ tún fi aṣọ funfun tó tutù tẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹtù, ẹ má gé e níbùú, á máa tú. Òwú tí wọ́n fi so awẹ́ mọ́ awẹ́ ni kẹ́ ẹ tú. Ẹ má sì rán aṣọ tó wúwo mọ́ èyí tó fẹ́lẹ́, á fà á ya. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ìpèlé àrán àti ẹtù sínú ìbora àbíkẹ́yìn, tí ànkárá sì wà nínú méjì yòókù. Àdìrẹ Ìbàdàndùn, tí wọ́n ya òpó Mápó sí, mi ò gé e rárá. Ó ṣì ṣeé ró. Àkọ́bí mi ti gbà á, ó ti ró o.

Ànkárá ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí mo bi gbogbo ilé, kò sẹ́ni tó mọ ẹgbẹ́ tó ni í. Ìyá mi nìkan ló mọ̀, mi ò sì bi wọ́n nígbà tí wọ́n wà. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo ẹ̀ lọ. Torí náà, mo ti kọ ọ́ sórí páálí, mo fi sínú àpótí tèmi: èyí ti ojúbọ ni, èyí ti ẹ̀kú ni, èyí kí ẹ gé e. Ẹ̀yin àgbà, ẹ sọ tiyín fún àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lọ bi wọ́n lónìí.

Kí Ọbàtálá fi àlà rẹ̀ bò wá o. Ó dìgbà.