Ọkọ̀ Enterprise: Ẹ Yí I Padà, Ṣùgbọ́n Ẹ Jẹ́wọ́ Pé Ẹ Yí I

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ìjà ni Yorùbá ń fi òwe yìí parí. Ṣùgbọ́n ó jọ pé àwọn tó ń gbé eré Star Trek jáde ní Amẹ́ríkà ti rí ìlò mìíràn fún un: kí òǹwòran tó lè bá wọn ṣeré lónìí, àfi kó kọ́kọ́ gbàgbé ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí lánàá. Láti ọdún 2018 ni awuyewuye lórí ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná láàárín àwọn olólùfẹ́ eré náà, kò sì tíì rọlẹ̀.

Lójú ẹni tí kò tẹ̀ lé eré yìí, ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ìjà ọmọdé. Orí ọkọ̀ ojú sánmà kan ni wọ́n ń jà lé, ọkọ̀ inú ìtàn àròsọ tí kò gbé ẹnikẹ́ni rí. Enterprise ni orúkọ rẹ̀, NCC-1701 sì ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ọkọ̀ kan ṣoṣo, nínú ìtàn kan ṣoṣo, lè ní ìrísí méjì tí kò bára mu, kí ẹnikẹ́ni nínú ìtàn náà má sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀? Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà yóò rí i pé yíyí ọkọ̀ padà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni kí èèyàn yí i padà tán, kó ní òun kò yí i.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966 ni eré náà kọ́kọ́ jáde lórí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán NBC. Gene Roddenberry ló dá a sílẹ̀, Matt Jefferies ló sì ya ọkọ̀ náà. Ọkùnrin yìí ti bá ọkọ̀ òfurufú ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì mọ̀ pé kò yẹ kí ọkọ̀ ní ẹ̀yà ara tí kò wúlò. Iwájú Enterprise rí pẹrẹsẹ bí àwo. Ara gígùn kan wà nísàlẹ̀ àwo náà. Ẹ́ńjìnnì méjì sì wà lókè lẹ́yìn, lórí òpó tóóró méjì. Jefferies kò dédé gbé ẹ́ńjìnnì jìnnà sí àwọn èèyàn inú ọkọ̀. Ó rò ó pé agbára tó lè gbé ọkọ̀ sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ yóò léwu, kò sì yẹ kó sún mọ́ ibi tí èèyàn ń gbé. Ó jẹ́ kí ara ọkọ̀ náà máa jọ̀lọ̀, nítorí ó gbà pé láti inú ni wọn yóò ti máa tún un ṣe. Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ló mú kí àwọn èèyàn máa fi ojú ọkọ̀ gidi wo ohun tí wọ́n fi igi àti ike ṣe.

Ọdún 1969 ni wọ́n dá eré náà dúró lẹ́yìn apá 79. Nígbà tí ó padà dé gẹ́gẹ́ bí sinimá ní 1979, wọ́n ya ọkọ̀ náà lọ́tun, kó lè gba ojú agbo ńlá. Òpó ẹ́ńjìnnì tó nà tààrà tẹ́lẹ̀ wá tẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì tó rí roboto wá di pẹlẹbẹ. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn náà gan-an, wọ́n sọ fún òǹwòran pé oṣù méjìdínlógún ni ọkọ̀ náà fi wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́, tí wọ́n sì tún un ṣe látòkè délẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀, Kirk, tó padà wá gba iṣẹ́ rẹ̀, ṣìnà nínú ọkọ̀ ara rẹ̀. Gbólóhùn mélòó kan parí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ tuntun kò bá wù lè sọ pé kò wu òun, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé wọ́n fi òun ṣe òmùgọ̀.

Bákan náà ni J.J. Abrams ṣe nínú sinimá ọdún 2009. Ọkọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ilé ìpọntí gidi kan ni wọ́n tilẹ̀ lò fún yàrá ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ sì fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Síbẹ̀, ìtàn sinimá náà sọ pé ẹnì kan ti ọjọ́ iwájú padà wá, ó sì da ìtàn àtẹ̀yìnwá rú, tí gbogbo nǹkan fi gba ọ̀nà mìíràn. Ọkọ̀ mìíràn, ayé mìíràn. Ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan ló kù tí èèyàn lè jà lé lórí.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn agbéréjáde fúnra wọn ń jẹ́rìí sí i pé ọkọ̀ ti 1966 rí bó ṣe rí. Ní 1992, wọ́n tún yàrá ìtukọ̀ àtijọ́ gbé jáde, kí Scotty, ẹlẹ́rọ ọkọ̀ náà tó ti darúgbó, lè rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 1996, nígbà tí eré náà pé ọgbọ̀n ọdún, àwọn ará Deep Space Nine rìnrìn-àjò padà sí ìgbà Kirk. Wọ́n da àwòrán tí wọ́n yà ní 1967 pọ̀ mọ́ tuntun, wọ́n sì ṣe ère ọkọ̀ lọ́tun ní ìrísí ti àtijọ́. Ní apá yẹn kan náà, wọ́n bi Worf léèrè pé kí ló dé tí àwọn Klingon, ẹ̀yà tirẹ̀, ní iwájú orí tó tẹ́jú nígbà náà, nígbà tó jẹ́ pé tirẹ̀ rí gbágungbàgun. Ó dáhùn pé àwọn kì í bá ará ìta sọ ọ́. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn tó àlàyé, nítorí ẹni tó bá fi nǹkan ṣe àwàdà ti gbà pé nǹkan náà wà.

Lẹ́yìn náà ni eré Discovery dé ní 2017. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà Kirk, àwọn tó gbé e jáde sì sọ gbangba pé ayé ìtàn ti àkọ́kọ́ ló wà, kì í ṣe ti sinimá 2009. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, nígbà tí sáà kìn-ín-ní ń parí, Enterprise yọ. Òpó ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́yìn, ara rẹ̀ ti yí padà, yàrá ìtukọ̀ tí wọ́n sì fi hàn lẹ́yìn náà tóbi ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Nínú ìtàn, The Cage, apá àkọ́kọ́ tí wọ́n yà ní ìparí 1964, ṣẹlẹ̀ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ti Kirk sì tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ àtijọ́ wà níwájú, ọkọ̀ àtijọ́ wà lẹ́yìn, ọkọ̀ tuntun bọ́ sáàárín. Àlàyé àtúnṣe oṣù méjìdínlógún kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àfi bí wọ́n bá tún ọkọ̀ ṣe tán tí wọ́n sì dà á padà sí bó ṣe wà. Ní 2019, Discovery tilẹ̀ fi àwòrán The Cage ṣáájú apá kan, wọ́n sì yí láti ojú Jeffrey Hunter, tó ṣe ọ̀gá ọkọ̀ Pike nígbà náà, sí ojú Anson Mount tó ń ṣe é báyìí. Àtijọ́ àti tuntun jókòó ti ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tuntun náà ni wọ́n gbé lé Strange New Worlds lọ́wọ́ ní 2022.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn àwọn agbéréjáde ní àwíjàre tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní amóhùnmáwòrán 1966 kéré, àwòrán rẹ̀ kò sì mọ́ kedere. Páálí àti ọ̀dà tó tan ojú jẹ nígbà náà yóò túká lójú agbo òde òní. Òtítọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ kan lára ère ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń yà nígbà náà kò tilẹ̀ parí, nítorí ibẹ̀ ni wáyà iná ń gbà wọlé, kámẹ́rà kì í sì í wo ibẹ̀. Wọ́n tún béèrè pé: bí òǹwòran bá lè gbà pé Leonard Nimoy àti Ethan Peck jẹ́ Spock kan náà, kí ló dé tí kò fi lè gba ọkọ̀ méjì?

Ìbéèrè yìí lágbára, ṣùgbọ́n ó ní ìdáhùn. Hunter kú ní 1969, Nimoy kú ní 2015. Ojú èèyàn ń yí, èèyàn ń kú, kò sì sí òǹwòran tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ yẹn kò kú. Láti 1974 ni ère rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé e síta fún aráyé ní 2016, ọdún méjì péré kí tuntun tó yọ. Ní ti agbo òde òní, ní 2023 ni eré Picard tún yàrá ìtukọ̀ ọkọ̀ Enterprise ti ọdún 1987 kọ́ bó ṣe wà, inú àwọn òǹwòran sì dùn dé góńgó. Lóòótọ́, ti 1987 kò rọrùn bí ti 1966, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun àtijọ́ kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ó yẹ kí àwọn olólùfẹ́ náà gba ìbáwí tiwọn. Àwọn kan wà lára wọn tí wọ́n ń ka fèrèsé ọkọ̀ bí ẹni ń ka owó, tí wọ́n sì ń bú àwọn ayàwòrán tó ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn. Wọ́n gbàgbé pé ohun tí ọkọ̀ náà gbé ju páálí lọ. Ní 1966, nígbà tí ẹ̀yà ṣì ń ya èèyàn sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà, obìnrin adúláwọ̀ jókòó nínú yàrá ìtukọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá: Uhura, tí wọ́n fa orúkọ rẹ̀ yọ láti ara ọ̀rọ̀ Swahili tó túmọ̀ sí òmìnira. Uhura ṣì wà nínú ọkọ̀ tuntun. Àwo ṣì wà níwájú, ẹ́ńjìnnì méjì ṣì wà lẹ́yìn. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kórìíra ohun àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ìbáwí yẹn kò pa ẹ̀tọ́ wọn rẹ́. Lẹ́tà àwọn òǹwòran wà lára ohun tó jẹ́ kí eré yìí ní sáà kẹta ní 1968. Lẹ́tà tiwọn náà ló mú kí ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ nínú àwọn ọkọ̀ òfurufú alálọbọ̀ ní Enterprise ní 1976. Àwọn tó ti bá ni tọ́jú ìtàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ni èèyàn ń wí fún pé ojú wọn ló tàn wọ́n.

Ohun tí wọ́n ń béèrè kò sì wọ́n. Ní 2023, Strange New Worlds ní láti ṣàlàyé ìdí tí ogun kan tí ìtàn àtijọ́ fi sí ọdún 1992 kò fi ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ẹnì kan nínú ìtàn sọ pé àwọn tó ń rìn nínú àkókò ló ti ti ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Ìṣẹ́jú kan kò pé, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ ogun lè ṣe é fún ọkọ̀, ì báà jẹ́ pẹ̀lú àlàyé, ì báà jẹ́ pẹ̀lú àwàdà bíi ti Worf.

Nílẹ̀ Yorùbá, apàlọ́ a máa mú ìjàpá sọ̀rọ̀, a sì máa mú igi rìn, àwọn ọmọ tó jókòó yí i ká kò sì jẹ́ bi í léèrè bó ṣe ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ìjàpá gun ọ̀pẹ, tó tún ní ìrókò ló ti já bọ́, wọn yóò dá a dúró. Ìdí nìyí tí apàlọ́ fi ń parí àlọ́ rẹ̀ pé bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má ròó. Òun náà mọ̀ pé ìjàpá kì í sọ̀rọ̀. Irọ́ tó ń búra pé òun kò pa ni irọ́ lòdì sí ìtàn tí òun àti àwọn ọmọ náà ti jọ gbà. Kí àwọn tó ni Enterprise kun ọkọ̀ wọn ní ọ̀dà tó bá wù wọ́n, kí wọ́n tẹ òpó rẹ̀ síbi tó bá wù wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jẹ́ kí agogo ẹnu wọn ró.